Ìdòwú, dá àgbo Bàbá dúró ná

Ìdòwú, àbúrò mi,

Ẹ̀gbọ́n Agége ló pè mí pé o ti ń ra ìgò, pé tí Iléyá bá ti kọjá, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn alátọ̀gbẹ àdúgbò ní àgbo Bàbá, kí o lè máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní lábù yín. Látìgbà yẹn ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa.

Mi ò sọ pé àgbo Bàbá ò dáa o. Kí Ẹ̀gbọ́n Agége má tún hú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú Bàbá jáde pé mo ti kẹ̀yìn sí iṣẹ́ ilé wa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn tó máa mu ún ò ní mọ̀ pé ìwádìí lò ń ṣe. Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ní àtọ̀gbẹ á mu ún torí pé ọmọ Bàbá ló gbé e fún un. Á pa oògùn ọsibítù rẹ̀ tì. Tí ṣúgà rẹ̀ bá wá ga, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa tètè mọ̀? Ta ló máa tọ́jú rẹ̀?

Rántí Kano, 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn. Nǹkan bí 200 ọmọ ni ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer kó wọnú ìwádìí oògùn Trovan. Ìdajì wọn gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 75, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn ọkàn àwọn èèyàn ti kúrò lára dókítà. Ó wà lára ohun tó mú kí wọ́n kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní Kano ní 2003. Àwọn ọmọ tí kò tilẹ̀ mọ Trovan ló jìyà ẹ̀.

Níbi iṣẹ́ wa níbí, a kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni kó tó gbọ́ àlàyé ní èdè tó yé e, kó sì mọ̀ pé òun lè kọ̀, òun sì lè jáwọ́ nígbàkigbà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ yín. O mọ̀ ọ́n, Ìdòwú! Ìwé tí o kà nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ìwọ lò ń gbé Màmá lọ ọsibítù, tí èmi ń fẹnu ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Ó ń dùn mí gan-an.



Mo bẹ̀ ẹ́, kọ ètò ìwádìí rẹ sílẹ̀, gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní ọsibítù yín, kí o sì kọ̀wé sí NAFDAC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, má fún ẹnikẹ́ni ní ṣíbí kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.