Ẹsẹ̀ Ìbọn

Bàbá ọdẹ kan ní àdúgbò wa ní Ẹ̀rìn-Ilé pinnu láti wá ẹsẹ̀ méjì fún ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìbọn náà ti darúgbó, ó ti ń tẹ ọ̀pá. Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Oko mi kò jìnnà sí ibi tí ó ti ń dọdẹ lóru. Ní nǹkan bí ọdún 1600, orí ọ̀pá onípàlàkà ni àwọn ọmọ-ogun Yúróòpù ń gbé ìbọn wúwo wọn lé. Ìbọn Bren tí àwọn ará wa lò ní ogun Bọ́mà ní 1944 sì ní ẹsẹ̀ méjì.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kúkúrú bí ti Bren, ti ẹni tó dojú bolẹ̀ ni. Ta ni yóò dojú bolẹ̀ nínú koríko ọ̀dàn tó ga ju ènìyàn lọ? Mo ní kí bàbá gé igi àyìn méjì tí yóò dé àyà rẹ̀ bí ó bá jókòó, kí ó dì wọ́n pọ̀ nítòsí òkè, kí orí wọn là bí pàlàkà.

Ibi tí ẹsẹ̀ yóò ti kan ìbọn ló le jù. Igi rẹ̀ ni, kì í ṣe irin: irin tó bá jókòó lórí ohun líle a máa ta sókè bí ìbọn bá dún, ọta a sì gba orí ẹran kọjá. Alágbẹ̀dẹ fẹ́ kan ẹsẹ̀ náà ní ìṣó. Bàbá kọ̀, ó ní igi tó ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ yóò là. Awọ ewúrẹ́ tútù ni ó wé mọ́ igi ìbọn bí òrùka. Nígbà tí ó gbẹ, ó fún pinpin. Okùn ni ó fi so ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kí ó lè tú u bí ilẹ̀ bá mọ́.