Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Rẹ Aṣọ Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ̀rọ̀

Peckham, London
Oṣù Kẹta, 2006

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì,

   

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n dá sí ni lẹ́tà yìí dá lé. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan láti Èkó ti bu owó gọbọi lé ìkànnì tó fẹ́ ṣe fún ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ wa ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Ó fẹ́ fi àwòrán àwọn arẹwà obìnrin sí i, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣọ wa ló dára jù lọ ní gbogbo Áfíríkà. Ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Pólì ní owó yẹn ti pọ̀ jù, pé òun fúnra òun lè máa kọ̀wé nípa iṣẹ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá bi mí pé ti ta ni ká gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rí i bí ìgbà tí àbúrò ń kọ́ ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ọmọ yẹn ni kí ẹ gbà. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìwé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí mo ń fi ránṣẹ́ sí yín.

Naked Conversations lorúkọ ìwé náà. Robert Scoble àti Shel Israel ló jọ kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ Wiley sì gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí. Òṣìṣẹ́ Microsoft ni Scoble; Israel ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ bíbá àwọn ilé-iṣẹ́ gbé orúkọ wọn síta. Búlọ́ọ̀gù ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí lóòrèkóòrè, tí ẹni tó bá kà á sì lè fèsì sábẹ́ rẹ̀. Ìtàn ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ síbẹ̀. Ìwé yìí ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí oníṣòwò bá fi í bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì sì ṣe ohun tí wọ́n ń wàásù rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé náà ni wọ́n ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn òǹkàwé lè tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.

Nínú gbogbo àwọn tí ìwé náà dárúkọ, Thomas Mahon ni tirẹ̀ súnmọ́ tiwa jù. Télọ̀ ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé Anderson & Sheppard, lára àwọn télọ̀ tí orúkọ wọn rọ̀ mọ́ òpópónà Savile Row ní London níbí, kó tó dá dúró. Irú kóòtù tó ń rán kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fà yọ lára ìkọ́. Ara ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀n, tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gé, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń rán èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Mahon dáadáa, àwọn tó mọ̀ ọ́n ni kò pọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Hugh MacLeod, tó mọ iṣẹ́ ìpolówó ọjà, tó sì tún máa ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, búlọ́ọ̀gù náà, English Cut, bẹ̀rẹ̀.

Kí ni Mahon ń kọ? Ó ń kọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ó ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín kóòtù tí wọ́n gé sí ènìyàn lára àti èyí tí wọ́n kàn fa etí rẹ̀ kí ó lè bá ènìyàn mu. Ó ń sọ ìdí tí owó rẹ̀ fi pọ̀, nítorí ẹni tó bá rí iye wákàtí tó wà nínú iṣẹ́ kan kò ní fi owó rẹ̀ wé ti aṣọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tó ya ènìyàn lẹ́nu jù ni pé ó ń sọ̀rọ̀ àwọn télọ̀ mìíràn tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ń yìn wọ́n.

Kò pẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà tí kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Savile Row kankan wọlé rí fi ń kọ̀wé sí i. Ó ń wọkọ̀ òfuurufú lọ sí New York báyìí láti lọ wọn àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: bí a bá tú àṣírí iṣẹ́ síta, ṣé àwọn tó ń ṣe ayédèrú kò ní jí i? Mahon ti fi ìdáhùn hàn. Ẹni tó ka bí wọ́n ṣe ń gé èjìká kóòtù kò tíì lè gé e. Ọwọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ṣeé kà nínú ìwé. Ohun tí òǹkàwé rí gbà níbẹ̀ ni ojú tó fi lè mọ iṣẹ́ gidi yàtọ̀ sí ayédèrú, ẹni tó bá sì ti ní irú ojú yẹn ni oníbàárà tí à ń wá.

Apá kejì ọ̀rọ̀ ìwé náà ni pé àwọn ènìyàn yóò sọ̀rọ̀ nípa ọjà yín, yálà ẹ wà níbẹ̀ tàbí ẹ kò sí níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ariwo ta ní Amẹ́ríkà pé àgádágodo kẹ̀kẹ́ Kryptonite, tó gbówó lórí, tí wọ́n ń polówó pé olè kò lè ṣí, ṣeé ṣí pẹ̀lú ìdí bíírò Bic lásán. Ẹnì kan ṣe fídíò rẹ̀, ó fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí ìyẹn ń lọ, àwọn oníkẹ̀kẹ́ kò gbọ́ ohun tó tẹ́ wọn lọ́rùn lẹ́nu ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dá àgádágodo wọn padà kí wọ́n gba tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn dára, owó ńlá ló sì ná wọn, ṣùgbọ́n ìtàn tí ayé gbọ́ ṣáájú ni ti bíírò.

Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Dell ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá. Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Jeff Jarvis ra kọ̀ǹpútà wọn kan, kò ṣiṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ tó sanwó fún kò sì yanjú rẹ̀. Ó kọ ìbínú rẹ̀ sí búlọ́ọ̀gù rẹ̀. Àwọn mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn kún un, títí tí àwọn ìwé ìròyìn ńlá fi gbé e. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló fa gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé aṣọ wa. Gbogbo oníbàárà ló ń béèrè bóyá aró yóò ṣí lára àdìrẹ. Òótọ́ tí gbogbo aláró mọ̀ ni pé aró tuntun máa ń yọ díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, pàápàá bí ó bá dúdú dáadáa. Bí a kò bá sọ, ẹni tó fi í pọ̀ mọ́ aṣọ funfun ní ìgbà àkọ́kọ́ yóò sọ ọ́ fún wa, yóò sì sọ ọ́ fún ogún ènìyàn. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé kí wọ́n dá a fọ̀ nínú omi tútù, kí wọ́n sá a síbi òjìji, ẹni tó kà á yóò mọ̀ pé a kò fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Ohun tí oníṣẹ́ Èkó yẹn fẹ́ kọ fún wa ń dẹ́rù bà mí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Vichy ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún tó kọjá. Vichy, tó wà lábẹ́ L'Oréal, ń ta ìpara. Wọ́n ṣí búlọ́ọ̀gù kan tí wọ́n ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Claire ló ń kọ ọ́ nípa awọ ara rẹ̀. Claire kò sí láyé. Àwọn òǹkàwé já a láìpẹ́, wọ́n sì bínú gan-an. Vichy tọrọ àforíjì, wọ́n pa Claire tì, wọ́n kó ìpara náà fún àwọn obìnrin gidi tó ń kọ búlọ́ọ̀gù tiwọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí, dídára àti àìdára. Inú àwọn òǹkàwé sì rọ̀. Nítorí náà, bí obìnrin inú àwòrán tí wọ́n fẹ́ fi sí ìkànnì wa kò bá ró àdìrẹ wa rí, kí ni yóò sọ bí ẹnì kan bá bi í léèrè?

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn bàbá wa ti sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní kí ẹ má polówó. Ẹ̀yin ni kí ẹ polówó, kí ẹ má gbé ẹnu àlejò sí i. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu yín tí kò sí lẹ́nu oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kankan. Bí wọ́n ṣe ń gún ewé èlú, tí wọ́n ń ṣù ú, tí wọ́n ń sá a. Bí omi eérú ṣe ń jẹ́ kí aró jinná nínú ìkòkò. Bí aṣọ ṣe ń jáde bí ewé tútù láti inú aró, tí yóò sì di búlúù lójú ènìyàn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Bí oníko ṣe yàtọ̀ sí alábẹ́rẹ́, àti bí ẹlẹ́kọ ṣe ń gba ẹ̀kọ láfún. Ìdí tí àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta fi ń gé páànù láti fi tẹ ẹ̀kọ náà sára aṣọ, nígbà tí àwọn obìnrin Ìbàdàn ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ tiwọn. Ẹ sọ ìtàn àdìrẹ Olọ́ba, tí wọ́n fi ṣe ìrántí àjọ̀dún ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935, àti ti Ìbàdàndùn tí òpó gbọ̀ngàn Màpó wà lára rẹ̀. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ èlú àti èyí tó jẹ́ aró kẹ́míkà, kí ẹ sì kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham níbí ń wá ẹni tó lè sọ nǹkan wọ̀nyí fún wọn.

Èyí kò ní kí ẹ gba gbogbo ohun tí ìwé náà bá sọ. Scoble àti Israel nífẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀gù débi pé ìtara wọn máa ń sáré jù nígbà mìíràn, ilẹ̀ òyìnbó sì ni púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ wọn ti wá. Bob Lutz, igbá-kejì alága General Motors, ń kọ búlọ́ọ̀gù nípa mọ́tò láti ọdún 2005. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ tó tó tirẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Wàhálà iná NEPA àti owó kafé ni tiwa. Búlọ́ọ̀gù kì í mú owó wá lọ́sẹ̀ kan, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ tó sì dákẹ́ lẹ́yìn oṣù kan ti fi hàn pé ṣọ́ọ̀bù òun ti kógbá wọlé.

Ààlà sì gbọ́dọ̀ wà. Mark Jen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Google ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005, ó ń kọ ọ̀rọ̀ inú ilé-iṣẹ́ náà sí búlọ́ọ̀gù rẹ̀, kò sì pẹ́ rárá tí wọ́n fi dá a dúró. Ẹ bá ọmọ wa jókòó kó tó kọ lẹ́tà kan: orúkọ oníbàárà kò gbọ́dọ̀ jáde láìgbàyè, gbèsè tí ẹnikẹ́ni jẹ wá kò kan òǹkàwé, ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, a kò sì gbọ́dọ̀ bú aládìrẹ kankan ní Ìtòkú.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é kò nira. Blogger, tó jẹ́ ti Google, kò gba owó. Kí ọmọ náà jókòó tì yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kó máa bi yín ní ìbéèrè kan tí oníbàárà béèrè lọ́sẹ̀ yẹn, kó kọ ìdáhùn yín sínú ìwé bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an, láì fi ọ̀rọ̀ Pólì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Tó bá dé kafé, títẹ̀ nìkan ló kù, owó wákàtí kò sì ní pọ̀. Kó kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹnikẹ́ni bá fèsì, ìbáà ṣe èébú, kó dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Owó tí oníṣẹ́ Èkó ń béèrè, ẹ fi ra kámẹ́rà kékeré kan, kí ẹ sì fi èyí tó kù ra èlú.

Ará ilé ìjọsìn wa kan ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé náà wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa kọ́kọ́ ka ti Mahon àti ti Vichy, kó sì sọ ọ́ fún ẹ̀yin àti Màmá lédè wa. Tó bá ti kọ tirẹ̀ àkọ́kọ́, lórí bí wọ́n ṣe ń fọ àdìrẹ tuntun, kó fi í ránṣẹ́ sí mi ṣáájú ọdún Àjíǹde, màá sì fi han àwọn tó ń béèrè aṣọ wa níbí.



Èmi ni àbúrò yín ní London.