Irin-Àjò Tí Kò Ní Aṣọ Ẹbí

Ẹ bi tọkọtaya tó ti pẹ́ nílé ara wọn ní Baṣọ̀run n'Ìbàdàn níbí pé ibo ni wọ́n ti jọ lọ rí, wọ́n á ka ìlú fún yín. Wọ́n ti lọ sí Ìṣẹ́yìn nítorí òkú, wọ́n ti lọ sí Àbújá nítorí ìgbéyàwó, wọ́n ti lọ kọ́mọ jáde ní Ìkòròdú, wọ́n ti bá ẹgbẹ́ ìjọ lọ sí àgọ́ àdúrà lójú ọ̀nà Èkó. Ẹ wá béèrè èwo nínú rẹ̀ ni wọ́n lọ nítorí ara wọn. Ọkọ á wo ìyàwó, ìyàwó á wo ọkọ. Èmi àti ọkọ mi wà lára wọn títí ìgbéyàwó wa fi pé ọgbọ̀n ọdún. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu irin-àjò ẹbí, torí òun ló so wá mọ́ra. Ṣùgbọ́n mo gbà tọkàntọkàn báyìí pé ó yẹ kí tọkọtaya ní ìrìn kan, ó kéré tán, tí ẹnikẹ́ni kò dúró dè wọ́n níbẹ̀, tí kò sí aṣọ ẹbí, tí kò sí owó ìnáwó, tí kò sí ìkòkò ìrẹsì tí ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ lọ dúró tì.

Àwọn ìbejì wa ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ti dàgbà, ọ̀kan ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, èkejì ń gbé Èkó. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rán wa lọ sí erékùṣù kan ní Kàríbíànì, kí á lọ jókòó létí òkun, kí á má ṣe nǹkan kan. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: omi tó mọ́ gaara, iyanrìn funfun, ọkọ àti aya lórí àga gbọọrọ lábẹ́ igi àgbọn. Wọ́n ní Bàbádọ́ọ̀sì ló rọrùn jù, torí ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ físà tí Bàbádọ́ọ̀sì kò béèrè, ojú ọ̀nà ń béèrè rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ òfúrufú tó ń ná Èkó sí ibẹ̀ déédéé. Ẹni tó ń lọ sábà máa ń gba Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà kọjá, àwọn yẹn á sì ní kó mú físà wá bí kò tilẹ̀ ní kúrò nínú pápákọ̀ wọn. Bàbá Ìbejì ṣírò owó ọkọ̀, owó físà àti owó hòtẹ́ẹ̀lì sórí ìwé, wọ́n ká ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n fi í sínú Bíbélì wọn. Wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ṣé òkun ò sí l'Ékòó ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti ya òkun Àtìláńtíìkì sójú pátákó àìmọye ìgbà, mo ti fa ilà ìṣàn omi rẹ̀ láti Gúúsù dé Àríwá, mo ti fún ọmọ ní máàkì lórí rẹ̀. N kò sùn tì í rí.

Ohun kan nínú ohun tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Ní Jàmáíkà, lọ́dún 1978, John Issa ṣí hòtẹ́ẹ̀lì kan sí Ocho Rios tó pè ní Couples, tọkọtaya nìkan ni wọ́n sì ń gbà síbẹ̀. Lọ́dún 1981, Gordon Stewart, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Butch, ṣí Sandals àkọ́kọ́ sí Montego Bay, òun náà ní méjì-méjì ni kí wọ́n máa wá. Ẹ ó sanwó lẹ́ẹ̀kan. Ibùsùn, oúnjẹ, ohun mímu, ó ti wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń yọ póòsì. Mo ro ilé tí kò sí ọmọ, tí kò sí àna, tí kò sí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó wá ṣe JAMB. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, ilé wa kò ṣófo rí. Mo dúpẹ́ fún un. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ wà tí ọkọ àti aya kò lè sọ nínú ilé tó kún, bí wọ́n tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá.

Ìkégun la wá lọ, ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, sí La Campagne Tropicana tí Ọ̀túnba Wanle Akinboboye dá sílẹ̀ ní 1984. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé à ń rìnrìn-àjò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ta ló kú?” Mo ní kò sẹ́ni tó kú. “Ta ló ń ṣègbéyàwó?” Mo ní kò sí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Ṣé kò sí o? Ṣé ara ọkọ ẹ le?”

A kò gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó. Láti Baṣọ̀run, a gba Ìdí-Apẹ bọ́ sí Ìwó Road, a sọdá ìlú já sí Ìdí-Ayùnrẹ́, Mámù, Orù, Ìjẹ̀bú-Òde, a dé Ẹ̀pẹ́. A yà ní ọjà ẹja Olúwo, Bàbá Ìbejì sì ti ń dúnàádúrà ẹja tí wọ́n fẹ́ rà fún àwọn ará ilé kí wọ́n tó rántí pé a kò tíì débi tí à ń lọ. Lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ni tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ilé ìfọpo Dangote wà ní agbègbè yẹn, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá epo lóòjọ́. Èbúté Lẹ́kkí tí wọ́n ṣí ní 2023 náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sinmi lójú ọ̀nà yìí, kó mú sùúrù dání.

Ilé tí wọ́n fi wá sí, igi àti ọparun ni. Ọ̀sà wà níbẹ̀, igi ẹ̀gbà wà níbẹ̀, òkun wá wà níwájú. A gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó rí i.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, omi tí mo sì mọ̀ ni èyí tó ń wọlé láìkànlẹ̀kùn. Mo ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó gbé èèyàn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ló gbé mi kọ́ èjìká, tí omi dé wọn ní ìgbáròkó. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011: òjò ọjọ́ kan péré, afárá já káàkiri ìlú, àwọn tó kú lé ní 100. Láti kékeré, bí òjò bá ti pẹ́ díẹ̀ lóru, mo máa ń dìde jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Ìbejì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi tì mí síwájú nígbà tí a dé etí òkun. Wọ́n dúró, wọ́n sì ní kí n má kánjú.

Mo ká ìró mi sókè dé orúnkún. Ìfófòó omi náà dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó ń hó ṣìì, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tó ń padà, iyanrìn abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ, láti gìgísẹ̀ wá sí ọmọ ìka, ẹsẹ̀ mi sì ń rì díẹ̀díẹ̀. Alákàn kékeré kan, tí ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí àwọ̀ iyanrìn, sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò mi, ó wọ ihò. Omi náà tún wá, ó tún padà. Ó ń padà! Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ nípa ìgbì fún gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi, ara mi kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé omi ńlá wà tó ń padà síbi tó ti wá láìgbé ohunkóhun èèyàn lọ. Bàbá Ìbejì di ọwọ́ mi mú, àwọn èèyàn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò wá. Ọkọ mi kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní gbangba.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí bọ́ sínú òkun Èkó o. Ìgbì tó ń lu etíkun wa, jìnnà réré ló ti ń bọ̀. Ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì, níhà Gúúsù ayé, ló dá a sílẹ̀. Ó rin ọjọ́ púpọ̀ lójú agbami láìsí erékùṣù kan tí yóò gba agbára rẹ̀, ó wá já lu iyanrìn tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Omi tó bá ya gòkè gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ibi tóóró tó bá sì gbà padà ló ń fa àwọn ọ̀dọ́ wa lọ lọ́dọọdún, pàápàá lásìkò ọdún Iléyá àti Kérésìmesì. Ní Bàbádọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn ni àwọn hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá pọ̀ sí, torí erékùṣù náà fúnra rẹ̀ fi ẹ̀yìn dí ìgbì lọ́nà. Òkúta iyùn tó wà nínú òkun ló ń lọ̀ kúnná tó ń di iyanrìn funfun inú fọ́tò. Bí ẹ bá sọdá sí ìlà-oòrùn erékùṣù kan náà, ní Bathsheba, òkun tibẹ̀ le bíi tiwa. Òkun ìwọ̀-oòrùn wọn wà fún wíwẹ̀. Tiwa wà fún jíjókòó tì, fún wíwò, fún gbígbọ́, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Igi àgbọn tó wà lórí wa àti èyí tó wà nínú fọ́tò àwọn ọmọ, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwọn Pọtogí tó tukọ̀ dé Òkun Íńdíà ló mú un wá sí Cape Verde níparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó sì sọdá sí Kàríbíànì. Koríko òkun kan tún wà nílẹ̀ ní Ìkégun, tó gbá jọ sí ojú ibi tí omi dé mọ. Mo mú ẹyọ kan. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, etí ewé rẹ̀ ní eyín kéékèèké, àwọn nǹkan róbótó-róbótó tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn sì so mọ́ ọn. Mo tẹ ọ̀kan, ó ró pọ́. Láti 2011 ni koríko yìí, sargassum, ti ń hù yanturu lójú agbami láàárín Áfíríkà àti Amẹ́ríkà, tó ń ya bo Bàbádọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, tó sì ń ya bo Sàró, Gánà àti Nàìjíríà níhìn-ín. Bó bá jẹrà, a máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Hòtẹ́ẹ̀lì tọ̀hún a máa gbé katakata wá sétí òkun láti kó o kúrò kí àlejò tó jí. Kò sí èyí nínú fọ́tò.

Bàbá Ìbejì ló sọ ọ̀rọ̀ tó kù. Wọ́n ń wo fọ́tò náà lórí fóònù wọn, wọ́n ní, “Ẹ wo ẹni tó gbé àwo ọtí yìí. Ṣé kì í ṣe ojú ará Ọjà Baṣọ̀run nìyí?” A dákẹ́. Baṣọ̀run tí à ń gbé, oyè tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn jẹ ni. Olúyọ̀lé jẹ ẹ́, Ògúnmọ́lá jẹ ẹ́. Ogun tó tẹ̀lé ìṣubú Ọ̀yọ́ kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lẹ́rú, àwọn jagunjagun Ìbàdàn kó tiwọn, apá kan nínú ẹrú wọ̀nyẹn sì dé etí òkun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ti fòfin de òwò ẹrú ní 1807, gba àwọn kan lójú omi, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Láti 1841 ni wọ́n sì ti ń kó lára àwọn tí wọ́n ti dá sílẹ̀ yìí lọ sí Trinidad láti ṣiṣẹ́ ìrèké, torí àwọn ẹrú ibẹ̀ ti gba òmìnira ní 1838. Títí dòní ni wọ́n ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ní Trinidad. Bí ọmọ Ìbàdàn bá jókòó sí irú etí òkun yìí, ó yẹ kó ro èyí dáadáa, kí ó má sáré fo ó. Àwa rò ó. Ó gba ọ̀sán kan lọ́wọ́ wa, kò sì ba ìsinmi wa jẹ́ rárá.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ nípa ọdún kan tí owó oṣù kò wọlé níbi iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé lálẹ́, gba Àgodi Gate, gba Ìdí-Apẹ, kí owó ọkọ̀ àwọn ìbejì lè wà. Nígbà náà, wọ́n ń sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ àwọn ló ń já àwọn sílẹ̀ ní jọ́ńṣọ̀n. Mo rántí bàtà ọdún yẹn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tètè jẹ, tí mo ní ẹni tó tà á rẹ́ wọn jẹ. Láti ìgbà náà, a ti gbé, a ti jẹ, a ti mu, a ti gbàdúrà pọ̀, àyè ọ̀rọ̀ yìí kò yọ. Òun ni ohun tí mo rí gbà níbẹ̀. Ó sì níye lórí lójú mi ju omi tó mọ́ gaara lọ.

Ẹ ó béèrè owó. Kò kéré, n kò sì ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo jókòó ṣe ìṣirò: kò tó ohun tí a ń ná lọ́dún kan lórí aṣọ ẹbí tí a ń rán, tí à ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé etí òkun tí ẹni tí kò lówó lè lọ ń dín kù. Bar Beach tí ìran tó ṣáájú ń lọ ti di ilẹ̀ Eko Atlantic. Ní 2024, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Kàlàbá, ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ ni wọ́n wó, títí kan ti Landmark ní Victoria Island. Ọ̀nà dára, a nílò rẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba fi iyanrìn sílẹ̀ fún tíṣà, fún télọ̀ àti fún ìyá aláta pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, kí wọ́n sì fi àwọn tó ń ṣọ́ omi síbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó ti Èkó, Àgodi Gardens wà nílùú wa níbí. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ, ẹ má mú ọmọ kankan dání.

Bàbá Ìbejì ti ń dá àjọ lọ́tọ̀ fún èyí tó kàn. Àgbádárìgì ni wọ́n fẹ́, kí á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gberefu, kí á fẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí wọ́n kó àwọn ẹrú gbà dé etí òkun, kí á sì sùn nílùú náà dípò ká padà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọmọ ti gbà láti fi díẹ̀ nínú owó Bàbádọ́ọ̀sì ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti bi mí iye tí yóò ná àwọn àti ọkọ wọn, mo sì ti fi nọ́ńbà alájọ náà ránṣẹ́ sí wọn.