Fọ́tò Òtẹ́ẹ̀lì Tí A Lọ Yà fún Bàbá ní Enugu

Tí ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ bá ti délẹ̀ láàárín wa, Premier Hotel orí òkè Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni gbogbo èèyàn máa ń sọ. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ á sọ tiẹ̀, ẹni tó jẹ áísìkiriìmù àkọ́kọ́ níbẹ̀ á sọ tiẹ̀. Ilé tiwa kì í rí nǹkan sọ. Enugu ni òtẹ́ẹ̀lì tiwa wà, ó sì lé ní ogójì ọdún tí a fi ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ kí a tó fojú kàn án.

Bàbá wa ṣiṣẹ́ ní Hotel Presidential, Enugu, kí ogun tó dé. Ó kúrò n'Ìbàdàn ní 1964 lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì náà ò tíì pẹ́ láyé nígbà yẹn. Ìjọba Ìlà Oòrùn, ìyẹn ti Michael Okpara, ló kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ òmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sí Port Harcourt. Ẹ rántí pé láyé ìgbà yẹn, ohun tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan bá gbìn ló fi ń kọ́ ilé. Kòkó ni tiwa, epo pupa àti èkùrọ́ ni tiwọn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ìlú tòun kéré lójú àlejò. Abọ́ fífọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gba Bàbá fún, kó tó di pé wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, tó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn ènìyàn ńlá.

Ní 1966 ìlú dàrú. Wọ́n pa àwọn Ìgbò nípakúpa lókè Ọya, àwọn tó yè ń sá bọ̀ wá sílé, wọ́n sì ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìlà Oòrùn máa lọ sílùú wọn. Bàbá gbé àpótí kan bọ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, òun nínú aṣọ funfun yẹn. Àgbàrá Ògùnpa ọdún 1980 wọ ilé wa, ó gbé e lọ.

Ẹ wá wò ó, ní 2019 ojú ọ̀tún Bàbá ti fọ́ tán, ti òsì náà ti ń ṣú. Ó pè wá lórí fóònù, ó ní, "Ẹ bá mi lọ ya fọ́tò ibi iṣẹ́ mi wá, kí eléyìí náà tó lọ." Ẹ má bi wá pé ṣé kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wà, a sì fi hàn án. Ó ní èyí tí ọmọ òun bá fọwọ́ ara rẹ̀ yà lòun fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbéra n'Ìbàdàn ní December, àwa mẹ́ta: ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń gbé Manchester, àbúrò wa ọkùnrin tó ni mọ́tò, àti ẹni tó ń kọ èyí. Toyota tí éésì rẹ̀ ti kú tipẹ́ ni. A gba Ifẹ̀, a gba Oǹdó, a bọ́ sí títì Bìní, a sùn ní Asaba. Ọjọ́ kejì ni ojú wa rí màbo lórí afárá Odò Ọya. Kérésì ti sún mọ́lé, gbogbo ọmọ Ìgbò ń lọ sílé, mọ́tò ò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wa ń bínú títí, àfi ìgbà tí ó rántí pé afárá yìí gan-an ni Bàbá gbà bọ̀. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣí i nígbà náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun Biafra fọ́ apá kan rẹ̀ kí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ má baà rí ọ̀nà gbà. A dákẹ́, a jókòó sínú oòrùn.

Ní Ninth Mile, a ra okpa. Ẹ̀pà-orò ni wọ́n fi ń ṣe é, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó jọ mọ́ínmọ́ín ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ. Láti ibẹ̀ la ti sọ̀ kalẹ̀ gba Milliken Hill, ọ̀nà àtijọ́ tó ń lọ́ bí ejò lára òkè. Ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan, ìlú èédú tí Bàbá ń ròyìn wà nísàlẹ̀, a ò rí i.

Independence Layout ni òtẹ́ẹ̀lì náà wà. Wọ́n ti tì í pa láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé ńlá, fèrèsé rẹ̀ tò lọ rẹrẹ, ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, koríko ti gba ilẹ̀. Bàbá àgbà kan tó wà lẹ́nu géètì gbọ́ ohun tí a wá ṣe, ó ní ká wọlé sínú ọgbà, ká ṣáà má wọnú ilé. A ya iwájú ilé náà títí. A yà á ní òró, a yà á ní ìbú, a dúró de oòrùn kó kúrò lójú wa. Ó ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò lọ, iwájú ni gbogbo rẹ̀.

A délé, ẹ̀gbọ́n wa kó wọn sórí tábúlẹ́ẹ̀tì kó lè fẹ̀ wọ́n lójú Bàbá. Ó ń wò, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó yá ó ní, "Ibo rèé?"

"Hotel Presidential ni, sà."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, èmi ò gba ibí wọlé rí. Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Ká sòótọ́, ojú tì wá. Ọmọ ọ̀dọ̀ wo ló ń gba iwájú wọlé? A ti ya òtẹ́ẹ̀lì àwọn àlejò wá fún ẹni tó ń fọ abọ́ wọn.

Ọlọ́run ló yọ wá, nítorí àbúrò wa ti yí lọ sẹ́yìn ilé láti dáhùn ìpè, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ kámẹ́rà lórí fóònù rẹ̀ láìmọ̀. Ìka rẹ̀ gba ìdajì fọ́tò náà, díẹ̀ ló kù ká pa á rẹ́. Ògiri dúdú kan, táǹkì tó ti dípẹtà, ilẹ̀kùn kékeré kan. Bàbá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà títí tó fi kan imú rẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí la ti máa ń jẹ okpa láàárọ̀, kí ọ̀gá tó dé."

Ta ni "a"? Ìgbà yẹn ló tó sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún wa, ọmọ Ìgbò kan tí wọ́n jọ ń fọ abọ́. Lọ́jọ́ tí Bàbá ń sá lọ, òun ló ru àpótí rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn dé ibùdókọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ́ lẹ́nu lọ́nà. Lẹ́yìn ogun, Bàbá kọ lẹ́tà méjì, èsì ò dé. Gbogbo ìgbà tó ń ròyìn òtẹ́ẹ̀lì fún wa láti kékeré, kò dárúkọ ọkùnrin náà rí. Ó wá dá orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A ò ní kọ ọ́ síbí, torí ó lè ní àwọn ọmọ níbì kan.

Bàbá ò ríran mọ́ báyìí. Fọ́tò onílẹ̀kùn náà, tìka tìka, wà lára ògiri yàrá rẹ̀. A gbọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ Enugu ti ń tún òtẹ́ẹ̀lì náà ṣe, a sì sọ fún un. Ohun tó bi wá ni bóyá wọ́n fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ sí Enugu nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Ẹ̀yìn ilé o, kì í ṣe iwájú.