Ẹlẹ́jọ́ Tó Mọ Ẹjọ́ Rẹ̀ Lẹ́bi

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá, ẹ̀bùn tí wọ́n gbà ni a sábà máa ń kà sókè. Ní tèmi, ohun tí ó wù mí jù nínú ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Frances Arnold ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ lẹ́yìn tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel tán.

Ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1956. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí ó fi ń dá gbé, tí ó ń wa takisí láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ní ọdún 1985, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Berkeley, ó sì di olùkọ́ ní Caltech.

Iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí kò ní ṣàjèjì sí àgbẹ̀. Ìyá mi àgbà a máa yan ṣírí àgbàdo tí ó dára jù, wọn a so ó rọ̀ sókè ààrò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ nìyẹn. Irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀ ni Arnold ṣe fún ẹ́ńsáìmù, àwọn èròjà tíntìntín tí ń mú oúnjẹ dà nínú wa, tí a sì ń fi sínú ọṣẹ ìfọṣọ. Ó da àbùdá wọn rú, ó dán wọn wò, ó mú èyí tí ó ṣiṣẹ́ jù, ó da ìyókù nù, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kan fojú tín-ín-rín ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n ní 1993, lẹ́yìn ìran mẹ́ta péré, ó rí ẹ́ńsáìmù kan tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú omi kẹ́míkà líle fi ìlọ́po 256 ju ti àtètèkọ́ṣe lọ. Ẹ̀bùn Nobel dé ní 2018.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ó fa ìwádìí kan tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún tí ó ṣáájú sẹ́yìn. Wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe, kò rí bí wọ́n ti kọ ọ́. Àkọsílẹ̀ pàtàkì kan kò sì sí nínú ìwé yàrá ìwádìí. Òun fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Ó tọrọ àforíjì, ó ní ọwọ́ òun dí, òun kò ṣe iṣẹ́ òun bí ó ti yẹ. Kò ti ẹ̀bi náà sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mélòó nínú àwọn àgbà wa, ní yunifásítì tàbí nínú ìjọba, ni ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí? A ti sọ àṣìṣe di ohun tí a ń bò mọ́lẹ̀, ọmọ tí ń wò wá sì ń kọ́ ọ. Ẹni tí kò lè da èyí tí kò dára nínú iṣẹ́ tirẹ̀ nù, irúgbìn wo ni yóò fi lé àrólé lọ́wọ́?

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ní ọdún 2021, Ààrẹ Joe Biden fi Arnold ṣe ọ̀kan lára àwọn alága ìgbìmọ̀ tí ń gba Ààrẹ nímọ̀ràn lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.