Ohun Tí Sìkéèlì Ò Rí

Géńdé kan tó ń ru búlọ́ọ̀kù ní àdúgbò wa ní Shasha wọn kílò 90, ó ga ní mítà 1.75. Ẹ fi gíga lọ́nà gíga pín kílò yẹn: BMI rẹ̀ lé ní 29. Ẹni tó bá kọjá 25, wọ́n ní ó sanra jù. Bẹ́ẹ̀ iṣan lásán ni! Quetelet ará Bẹ́ljíọ̀mù tó gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ láyé 1830, onímọ̀ ìràwọ̀ ni, kì í ṣe dókítà.

Màmá mi ńkọ́? 24 ni tiwọn. Nọ́ọ̀sì ní kò séwu. Àmọ́ tépù tí wọ́n fi ń wọn oníbàárà ní ikùn wọn ti di ínṣì 37. 35 ni wọ́n ní kí obìnrin má kọjá. Ọ̀rá inú ikùn, tó ń rọ̀gbà yí ẹ̀dọ̀ ká, ló burú jù. Àtọ̀gbẹ ló sì pa ìyá tó bí wọn. Mo ní ká lọ yẹ ṣúgà wò. Wọ́n ní aṣọ ọdún ṣì kún ilẹ̀.