Ìwọ̀n Àbáwọlé, Ìwọ̀n Àbájáde

Ẹni tó bá fẹ́ máa sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú àpótí gíláàsì sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè agbára pọ́ǹpù. Bí omi yóò ṣe wọlé ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí yóò ṣe jáde kì í sí nínú ìṣirò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iná mànàmáná ló ń ti omi wọlé, ṣùgbọ́n ìwúwo omi fúnra rẹ̀ nìkan ló ń mú un jáde. Pọ́ǹpù lè fi tipátipá ti omi gba inú páìpù tóóró; omi tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ kò ní ẹni tí yóò tì í.

Ẹ wo pọ́ǹpù tó ń gbé 2,000 lítà ní wákàtí kan láti inú àpótí ìsàlẹ̀, níbi tí a ti ń sẹ́ omi, lọ sínú àpótí òkè. Bí ihò àbájáde tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí òkè bá fẹ̀ ní milimítà 25, omi gbọ́dọ̀ máa sáré ju mítà 1 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí àbájáde tó bá àbáwọlé dọ́gba. Bí ihò náà bá jẹ́ milimítà 12.5, eré náà di mítà 4.5, omi sì gbọ́dọ̀ fi ohun tó ju mítà 1 lọ ga ju ihò náà kó tó lè sá irú eré bẹ́ẹ̀. Àpótí inú pálọ̀ kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀. Omi yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni.

Evangelista Torricelli, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló tẹ òfin yìí jáde ní ọdún 1644: bí gíga omi bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni eré rẹ̀ yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí fífẹ̀ páìpù bá di ìlọ́po méjì, ààyè ẹnu rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, páìpù íǹṣì 1 méjì kò lè ṣe iṣẹ́ páìpù íǹṣì 2 kan. Mẹ́rin ni yóò gbà, ó kéré tán.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ewé kan tàbí òkú ẹja kan tó láti dí ihò àbájáde kan ṣoṣo. Olùsìn ẹja tó gbọ́n a máa fi páìpù kejì sókè díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, yóò wà ní gbígbẹ títí ọjọ́ ìṣòro. Bí iná bá lọ ńkọ́? Omi àpótí òkè lè gba inú páìpù àbáwọlé padà sísàlẹ̀. Ihò kékeré tí a bá lu sára páìpù náà, nísàlẹ̀ ojú omi díẹ̀, ni yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tí yóò sì gé omi náà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí àbájáde rẹ̀ há yóò tẹ ilẹ̀ tútù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ rẹ̀ ni: àpótí ìsàlẹ̀ yóò ti gbẹ, pọ́ǹpù yóò sì ti jóná.